Ọwọ́ Yín Ń Gbọ̀n? Ẹ Kọ́kọ́ Ṣọ́ Ìgbà Tó Ń Gbọ̀n

Ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, tó rí bí mo ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á bèèrè dandan ni. Àwọn kan á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?" Àwọn kan ò ní sọ̀rọ̀ rárá, wọ́n á kàn máa sún mọ́ mi bóyá wọ́n á gbóòórùn paraga lẹ́nu mi. Àwọn tó fẹ́ràn mi jù ló máa ń pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní kí n lọ wádìí ara mi o, pé ọwọ́ kì í dédé gbọ̀n. Ọdún 11 rèé tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ti bàbá mi náà gbọ̀n títí tí wọ́n fi kú, mo sì ń ránṣọ títí dòní.

Àmọ́ ìbéèrè ti wá pọ̀ jù, ẹni tí tiẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tí ti ìyá ẹ̀ ń gbọ̀n, mo ti ṣàlàyé títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ síbí. Télọ̀ ni mí o, èmi kì í ṣe dọ́kítà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má tíì wá oògùn, ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n. Ìgbà tó ń gbọ̀n ló máa sọ ohun tó ń ṣe é.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ kà á tán kí wọ́n tó lọ ọsibítù

Tí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá wà ńbẹ̀, ẹ dìde báyìí. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó ni 112 tàbí 767.

- Gbígbọ̀n náà dé lójijì lónìí, ẹnu wá wọ́ sápá kan, tàbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ apá kan ò lágbára mọ́, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu.
- Ara gbóná gan-an, ẹni náà ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì já gaara.
- Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ojú ń ṣú u. Ṣúgà ti wálẹ̀ nìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀.
- Ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ tó wá dá a dúró láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ń rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, tàbí gìrì ti mú un.

Fún ẹni tí ṣúgà wálẹ̀: tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, tó bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ fún un ní kóró ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin tẹ́ ẹ pò mọ́ omi, tàbí ìdajì ìgò mínírà gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ní kò ní ṣúgà o. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ṣì wálẹ̀, ẹ tún fún un. Tí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ fún un náà ni, ẹ má wulẹ̀ dúró wá ẹ̀rọ kiri. Àmọ́ tó bá ti dákú, ẹ má rọ nǹkankan sí i lẹ́nu, ó lè gbabẹ̀ kú. Ẹ gbé e lọ.

Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá nílé

Ẹ pe ẹnì kan kó wà pẹ̀lú yín, torí tẹ́ ẹ bá ń wo ọwọ́ ara yín, ó máa gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má mu kọfí kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ jẹun díẹ̀.

1. Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ̀. Ẹ máa ka nọ́ńbà láti 50 wálẹ̀. Ẹni tó wà pẹ̀lú yín á máa wo ìka yín, ẹ̀yin ẹ má wò ó.
2. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ la ìka, ẹ ní kí wọ́n gbé bébà fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e lẹ́yìn ọwọ́. Bébà yẹn á fi hàn bó bá ń gbọ̀n, kódà tójú ò bá rí i.
3. Ẹ da omi láti inú kọ́ọ̀bù kan sí òmíì.
4. Ẹ fi ìka kan imú yín, kẹ́ ẹ wá fi kan ìka ẹni tó jókòó níwájú yín, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ṣé ó ń gbọ̀n sí i bó ṣe ń sún mọ́ ibi tó ń lọ?
5. Ẹ mú bírò, ẹ ya ìlà roboto-roboto bí ìkarahun ìgbín, láti àárín bọ̀ síta, kẹ́ ẹ má gbé ọwọ́ ti bébà. Ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà tòsì. Ẹ kọ orúkọ yín sábẹ́ ẹ̀ àti déètì.

Ẹ tọ́jú bébà yẹn o. Mo ní tèmi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo máa ń ya òmíì lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ìyẹn ni dọ́kítà fi mọ̀ pé kò tíì burú sí i púpọ̀.

Kí ló ń sọ?

Gbogbo ọwọ́ ló ń gbọ̀n díẹ̀, ojú ni kò rí i, torí náà bébà tó mì fìrì ò tó kẹ́ ẹ torí ẹ̀ má sùn.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ̀n, bíi kẹ́ ẹ gbé ṣíbí, kẹ́ ẹ da omi, tó jẹ́ ọwọ́ méjèèjì, tí ẹnì kan nílé yín sì ti ní in rí, ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí àwọn dọ́kítà ń pè ní essential tremor. Tèmi nìyẹn. Kì í pa èèyàn, àmọ́ ó máa ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bọ́jọ́ orí bá ṣe ń lọ, ó lè dé ohùn, ó lè dé orí, kí orí máa mì bíi ti ẹni tó ń sọ pé rárá. Tó bá jẹ́ ti ìdílé, ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bí lè jogún ẹ̀, ìdajì-ìdajì ni, ó lè bọ́ sí i, ó lè má bọ́ sí i. Ìkarahun ìgbín tí irú wa bá yà máa ń rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn.

Tó bá wá jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ bá sinmi lórí itan ló ń gbọ̀n, tí àtàńpàkò àti ìfábẹ̀lá ń ra ara wọn bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbáà, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ kan, tó sì jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gbé nǹkan ló máa dákẹ́, ẹ jẹ́ kí dọ́kítà wò ó bóyá àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Parkinson ni. Ẹni tó bá rántí bí ọwọ́ Muhammad Ali ṣe ń gbọ̀n nígbà tó ń tan iná Olympics ní Atlanta lọ́dún 1996, òun nìyẹn. Ẹ tún wo nǹkan mìíì: ṣé ẹni náà ti ń rìn pẹ́lẹ́-pẹ́lẹ́ jù, ṣé apá kan kì í jù mọ́ tó bá ń rìn, ṣé ìwé tó ń kọ ti ń kéré, ṣé kì í gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 4 ló mú yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n sí i bó ṣe ń sún mọ́ imú, tí ìrìn náà sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀, ẹ lọ fi han dọ́kítà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ohun tó ń ru ú sókè

Ẹ mú ìwé kékeré kan, ọjọ́ méje péré. Ẹ kọ aago, ohun tẹ́ ẹ jẹ tàbí tẹ́ ẹ mu, bẹ́ ẹ ṣe sùn, ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá fún gbígbọ̀n náà ní máàkì láti 0 dé 4. Bí tèmi ṣe rí nìyí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́:

- Mọ́ńdè, aago 7 àárọ̀: kọfí nìkan, mi ò jẹun, mo sùn wákàtí 4 torí jẹnẹ́rétọ̀ ará ẹ̀gbẹ́. Gbọ̀n 3.
- Wẹ́sìdè, aago 4 ìrọ̀lẹ́: ìyàwó kan dúró lé mi lórí, aṣọ ìnáwó ọ̀la ni. Gbọ̀n 4.
- Fúráìdè, aago 10 àárọ̀: mo jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mo sùn dáadáa, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Gbọ̀n 1.

Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ kan náà ni. Mi ò lo oògùn kankan lọ́sẹ̀ yẹn. Àtìgbà náà ni mi ò ti gé aṣọ olówó ńlá lójú ẹni tó ni ín mọ́, màá ní kó lọ kó padà wá.

Àwọn tó sábà máa ń fà á rèé: ebi, àìsùn, iṣẹ́ àṣejù, òtútù, ìbínú, ìpayà, kí àwọn èèyàn máa wo èèyàn. Kọfí, tíì, obì àti àwọn énájì dríǹkì inú agolo wà ńbẹ̀ náà, ohun tó wà nínú kọfí yẹn wà nínú obì, torí náà bàbá tó ní òun ò mu kọfí ṣùgbọ́n tó ń jẹ obì mẹ́ta lóòjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, orí á fọ́ yín.

Oògùn ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Àwọn wọ̀nyí lè mú ọwọ́ gbọ̀n:

- salbutamol àti aminophylline tí àwọn tó ní ikọ́ fée ń lò
- àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan tó ń la imú
- valproate tí wọ́n ń lò fún wárápá, àti lithium
- oògùn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, bíi haloperidol àti chlorpromazine, àti metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró. Àwọn yìí lè mú un jọ Parkinson gẹ́lẹ́
- insulin àti glibenclamide, tí ẹni náà bá lò ó láì jẹun

Ẹ má torí pé ẹ rí orúkọ oògùn yín níbí kẹ́ ẹ dá a dúró o. Ẹni tó bá da salbutamol nù torí ọwọ́ ń gbọ̀n, ikọ́ fée lè dé lóru. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀, ẹ mú un lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ọtí wá nìyí, torí ibẹ̀ ni ìṣòro wà jù. Ó jẹ́ òótọ́ pé ẹni tó ní irú tèmi tó bá mu díẹ̀, ọwọ́ á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ kápẹ́ńtà kan tó jẹ́ pé ẹ̀yìn paraga kọ̀ọ̀bù kan ló tó lè gbá ìṣó. Ṣùgbọ́n tó bá ti dá lójú, gbígbọ̀n náà á padà dé, á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kọ́ọ̀bù kan á di méjì, nígbà tó yá ọtí fúnra ẹ̀ ló wá ń mú ọwọ́ gbọ̀n láàárọ̀. Ẹni tó bá ti débẹ̀ yẹn, kó má dá ọtí dúró fúnra ẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Ọsibítù ni kó ti dá a dúró, torí gìrì àti ìran rírí tí mo sọ lókè yẹn, ó ń pa èèyàn.

Kírímù àti ọṣẹ bíbóra náà. Àwọn kan nínú wọn ní mẹ́kúrì, mẹ́kúrì sì ń ba iṣan jẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n, kídìnrín náà á fara gbá. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí: tẹ́ ẹ bá rí mercury, mercuric, calomel tàbí Hg, ẹ gbé e sọnù. Èyí tí wọ́n pò sínú ike tí kò lórúkọ kankan lára, èmi ò ní fi kan ara mi.

Tí ẹ bá ń gbọ̀n, tẹ́ ẹ tún ń rù, àyà ń já, ooru ń mú yín nígbà tó tutù sí àwọn tó kù, tàbí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn. Èyí ní ìtọ́jú, ọwọ́ sì máa ń dákẹ́ tó bá ti lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa bá a gbé

*Mímu àti jíjẹ*

1. Ẹ máa lo kọ́ọ̀bù tó wúwo, tó létí. Ike fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ta omi dànù jù.
2. Ẹ má bu kún, ìdajì tó.
3. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ẹ fi ara yín sún mọ́ kọ́ọ̀bù. Tàbí kẹ́ ẹ lo sitírọ́ọ̀, ẹ má jẹ́ kójú tì yín.
4. Ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ wé ìdí ṣíbí kó tóbi. Àwo kòtò sàn ju pẹrẹsẹ lọ. Ẹ̀bà ò tiẹ̀ fún èèyàn ní wàhálà, ọbẹ̀ ló ń ro, ẹ jẹ́ kó ki.

*Abẹ́rẹ́ (èyí ni mo mọ̀ jù)*

1. Ẹ gún abẹ́rẹ́ mọ́ fóòmù kó dúró ṣánṣán. Má fọwọ́ mú un.
2. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímú gé òwú ní ìdábùú, ẹ fi orí ẹ̀ ra ọṣẹ gbígbẹ tàbí àbẹ́là kó le.
3. Ẹ fi bébà funfun sẹ́yìn ojú abẹ́rẹ́.
4. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, ẹ fi ọrùn ọwọ́ kan ti ìkejì kí wọ́n jọ di ọ̀kan. Wọ́n lè máa gbọ̀n, àmọ́ wọ́n á jọ máa gbọ̀n ni.
5. Ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀, ẹ ki òwú bọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí síta.

Tí kò bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀. Ìgbìyànjú kẹrin ò wọlé fún mi rí, inú ló máa bí mi, ọwọ́ á tún burú sí i. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń bá mi kì í.

*Ọ̀bẹ*

Àbúrò bàbá mi tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tiwọn náà ń gbọ̀n, ìdílé kan náà la ṣáà ti wá. Wọ́n ní kí kápẹ́ńtà kan ìṣó gígùn kan mọ́ pátákó, kó yọ orí síta. Wọ́n á fi ìrù ẹja kọ́ ìṣó yẹn, ẹja ò lè yọ̀ mọ́, wọ́n á wá fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ìpẹ́ ẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ọwọ́ kejì ò sí níwájú nǹkan mímú rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ewébẹ̀ tàbí àlùbọ́sà, ẹ fi aṣọ tútù sábẹ́ pátákó kó má sún, kẹ́ ẹ lo ọ̀bẹ tó wúwo.

*Fóònù àti báńkì*

Ẹ má jìjàkadì pẹ̀lú bọ́tìnnì kékeré. Ẹ tẹ àmì gbohùngbohùn orí kíbọọ̀dù kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi fọ́ìsì ránṣẹ́. Nínú sẹ́tíǹsì fóònù Android, ní Accessibility, ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè jẹ́ kí fóònù dúró pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà pé ẹ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Nídìí POS, ẹ gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó tẹ PIN, ẹ má sọ ọ́ fún oní POS torí ọwọ́ ń gbọ̀n.

Báńkì kan tí n ò ní dárúkọ dá ìwé mi padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní ìbuwọ́lùwé mi ò jọ ara wọn. Báwo ló ṣe fẹ́ jọ? Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ìtẹ̀ka dípò. Ẹ bèèrè tiyín ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa nílò owó ní kánjúkánjú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí dọ́kítà

Tẹ́ ẹ bá wà ní Ìkòròdú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́rà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ rí dọ́kítà ọpọlọ àti iṣan, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ ọsibítù ńlá, LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ tètè kúrò nílé, ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó lọ àyàfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má jẹun torí ẹ̀jẹ̀. Ẹ mú nǹkan wọ̀nyí dání:

- ìwé ọjọ́ méje yẹn
- bébà ìkarahun ìgbín
- gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò nínú ọ̀rá kan, àgbo náà wà ńbẹ̀
- fídíò kékeré ọwọ́ yín nígbà tó ń gbọ̀n gan-an, torí ó lè dákẹ́ bẹ́ ẹ bá ti jókòó síwájú dọ́kítà, ó ṣe èmi bẹ́ẹ̀
- orúkọ ẹni nínú ìdílé tó ní irú ẹ̀

Fún irú tèmi, propranolol ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fúnni, tàbí primidone. Wọn ò wò ó sàn, wọ́n ń dín in kù ni, kì í sì í ṣiṣẹ́ lára gbogbo èèyàn. Ẹ sọ fún dọ́kítà tẹ́ ẹ bá ní ikọ́ fée, torí propranolol lè pa ẹni tó ní in. Tẹ́ ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ, torí ó lè jẹ́ kẹ́ ẹ má mọ̀ pé ṣúgà ń wálẹ̀, àyà ò ní já, ọwọ́ ò ní gbọ̀n, òógùn nìkan lẹ máa rí. Ẹ má sì dá a dúró lójijì.

Àṣìṣe tí mò ń rí

Kí wọ́n lọ ra propranolol ní kẹ́místì torí ó ṣiṣẹ́ fún aládùúgbò. Kí wọ́n máa lọ yèrèpè mu torí wọ́n gbọ́ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ wà nínú oògùn Parkinson. Òótọ́ ni pé ó wà ńbẹ̀, levodopa, àmọ́ ta ló wọ̀n ọ́n? Tẹ́ ẹ bá tún ń lo ti ọsibítù mọ́ ọn, ó lè pọ̀ jù lára. Kí wọ́n máa fi ọwọ́ pamọ́ sápò. Kí wọ́n máa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta torí ọwọ́ tí ebi ń mú gbọ̀n.

Fún àwọn ará ilé

Ẹ má já kọ́ọ̀bù gbà lọ́wọ́ bàbá. Ẹ bu ìdajì fún wọn, ẹ gbé e sórí tábìlì níwájú wọn, kẹ́ ẹ wojú ibòmíì. Ẹ má máa sọ pé "ẹ mú un dáadáa," wọ́n ń mú un dáadáa. Tí àlejò bá wà ńlé, ẹ kọ́kọ́ gbé sitírọ́ọ̀ fún gbogbo èèyàn, kó má jẹ́ tiwọn nìkan ló ní in.